Owó Tí Wọn Ò Sọ fún Bilkisu

Bí èèyàn bá ti ìsọ̀ àwọn oníṣu kọjá ní ọjà Ìpàta, tó yà sí ọwọ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ọkà, yóò rí obìnrin gíga kan tó dákẹ́ láàárín àwọn tó ń pariwo pe oníbàárà. Bilkisu ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀wà, ọkà bàbà àti àgbàdo gbígbẹ ló ń tà. Kì í fa ẹnikẹ́ni láṣọ. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀, á bu ẹ̀wà sí i látẹ́lẹwọ́, á ní kó fojú ara rẹ̀ wò ó bóyá kòkòrò wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ iye tó ń tà á, iye kan náà tó máa sọ fún ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wá àti ẹni tó gbé mọ́tò wá.

Agboolé kan ní àdúgbò Gàmbàrí ni wọ́n bí i sí. Ilẹ̀ Haúsá ni baba ńlá wọn ti wá, àmọ́ ó ti pẹ́ débi pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ nínú ilé. Àfi bí inú bá bí àwọn àgbà ni wọ́n máa ń rántí Haúsá. Ìsọ̀ tó jókòó sí yìí gan-an ni ìyá rẹ̀ ti tajà, ibẹ̀ náà ni Màmúdù ti rí i. Awakọ̀ lọ́rì ni Màmúdù nígbà náà, iṣu ló ń kó láti Kàíámà wá sí Ìpàta. Ó ga, ó sanra, ohùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ borí ariwo ẹ́ńjìnnì lọ́rì rẹ̀. Bó bá ti já iṣu tán, á wá tọrọ omi lọ́wọ́ ìyá Bilkisu, títí ìyá náà fi sọ fún un lọ́jọ́ kan pé omi tó dùn ju èyí lọ wà lọ́dọ̀ bàbá ọmọ òun nílé, kó lọ tọrọ rẹ̀ níbẹ̀ bí ọkùnrin. Màmúdù lọ. Wọ́n so yìgì fún wọn, Ọlọ́run sì fi Muhammad Awwal àti Hadiyyah ta wọ́n lọ́rẹ. Awwal ti di olùkọ́ báyìí, ó ń gbé ní àdúgbò Basin. Hadiyyah wà nílé ọkọ ní Minna. Àwọn òbí wọn ń gbé nínú ilé tí wọ́n rọra kọ́ ní àdúgbò Fate, tí wọn ò tíì rẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ títí di òní.

Ohun kan wà tí gbogbo ẹni tó mọ Bilkisu mọ̀ nípa rẹ̀: kì í fọwọ́ kan ohun tí kò bá tíì mọ iye rẹ̀. Ó lè jẹ́ kẹ̀kẹ́ márúwá ló fẹ́ wọ̀, ó lè jẹ́ télọ̀ ló fẹ́ gbé aṣọ fún, yóò béèrè owó rẹ̀, yóò sì dúró gbọ́ èsì. Àwọn kan rò pé ahun ni. Kì í ṣe ahun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Jummai ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fà á.

Ọkọ Jummai ní ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọ̀nà Jẹ́bbà lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Áńbúláǹsì kan fi fèrè sáré dé, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò yàn. Ọkùnrin náà kò pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n lọ gba òkú rẹ̀ kí wọ́n lè tètè sin ín bí ẹ̀sìn ṣe wí, àwọn ilé ìwòsàn gbé ìwé owó kan síwájú Jummai tó jẹ́ kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀: owó ọkọ̀, owó ìdúró ọkọ̀ náà, owó oríṣiríṣi nǹkan tí kò mọ̀ pé wọ́n ń tà. Ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ kọ́lé sí ni wọ́n tà kí wọ́n tó gbé òkú jáde. Ohun tí Jummai sọ lẹ́yìn ààdúà ọjọ́ mẹ́jọ kò kúrò létí Bilkisu mọ́. Ó ní: "Ká ní wọ́n sọ fún mi ni, n bá ṣì ní kí wọ́n gbé e. Àmọ́ n bá ti mọ ohun tí mo ń rà."

Láti ìgbà náà, bí Bilkisu bá gbọ́ fèrè áńbúláǹsì lójú títì, á yíjú sí ibòmíràn títí yóò fi kọjá.

Ọjọ́ Àìkú kan ni, lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Bilkisu ti tètè kúrò lọ́jà, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú yàrá ìdáná. Màmúdù jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ó ń ṣe àlùwàlá fún ìrun àílà. Bilkisu gbọ́ tí búútà omi ṣubú. Kò kà á sí. Nígbà tó yá tí kò gbọ́ ìráhùn ọkọ rẹ̀, nítorí Màmúdù kì í jẹ́ kí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó má ráhùn, ó jáde wò ó.

Màmúdù ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bilkisu pe orúkọ rẹ̀, ó dáhùn, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kò gbà fún un, Bilkisu sì sáré gbá a mú kó tó já sílẹ̀ pátápátá. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó wá figbe ta.

Fọláṣadé, ìyá Ayọ̀mídé, ló kọ́kọ́ dé. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ògiri ilé òun àti ti Bilkisu sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kò tíì bọ́ bàtà. Ó wo ojú Màmúdù lẹ́ẹ̀kan, ó ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ọ̀kan ṣoṣo ló gbéra. Ó ní ẹ̀gbà ni, bó ṣe mú bàbá òun náà nìyẹn, kò sì yẹ kí àwọn fi àkókò ṣòfò.

Bilkisu ní kí àwọn pe márúwá. Fọláṣadé ní márúwá wo ló máa gba ọkùnrin tó tóbi tó yìí ní ìdùbúlẹ̀, ó sì ti ń fa fóònù rẹ̀ yọ. Bilkisu mọ ohun tó fẹ́ fi fóònù náà ṣe. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má pè wọ́n, Ìyá Ayọ̀mídé. O ò mọ ohun tí wọ́n fi ojú ẹ̀gbọ́n mi rí."

Fọláṣadé kò já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ iléèwé tó ń bẹ̀rù sọ̀rọ̀. "Mo gbọ́, Àlàájà. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró, ẹnu bàbá yìí lè má padà sí ipò rẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ n pè wọ́n. Bí ẹjọ́ bá wà níbẹ̀, a jọ máa jẹ́ ẹ ni."

Bilkisu wo ọkọ rẹ̀. Ojú Màmúdù ń tẹ̀ lé e, ó sì hàn pé ẹ̀rù ń bà á, ọkùnrin tó ti wa lọ́rì la igbó kọjá láìmọye ìgbà. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ Fọláṣadé.

Áńbúláǹsì náà kò pẹ́ kó tó dé. Umar ni wọ́n ń pe awakọ̀ rẹ̀, ọkùnrin kúkúrú tó lágbára, nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan sì bá a wá. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Wọ́n gbé Màmúdù láìjẹ́ kí orí rẹ̀ mì. Bí wọ́n ṣe ń tì í wọnú ọkọ̀ ni Bilkisu béèrè lọ́wọ́ Umar pé èló ni. Umar kò wo ojú rẹ̀. Ó ní: "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ débẹ̀ ná. Ìyẹn á yanjú." Bilkisu tún béèrè. Umar pa ilẹ̀kùn dé.

Nínú ọkọ̀ náà, Bilkisu di ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mú, ó ń ka súrà tó bá ti wá sí i lẹ́nu. Ojú tì í fún ohun tí ojú ara rẹ̀ ń ṣe. Bó ṣe ń ka súrà, bẹ́ẹ̀ ló ń wo gbogbo nǹkan inú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ronú pé èló ni èyí, èló ni tọ̀hún. Àgbá gáàsì atẹ́gùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Màmúdù, rọ́bà rẹ̀ rọ̀ sórí ìkọ́. Kò gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó ń bẹ Ọlọ́run kí mímí ọkọ òun má ṣòro kí wọ́n má baà nílò rẹ̀, ó sì tún ń bi ara rẹ̀ bóyá nítorí ọkọ rẹ̀ ló ṣe ń bẹ̀bẹ̀ ni àbí nítorí owó. Rọ́bà náà kò kúrò lórí ìkọ́ títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn ìjọba.

Ohun tó rí níbẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó ti múra sílẹ̀ láti gbọ́ pé kó lọ san nǹkan kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bi í ni ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, oògùn tí Màmúdù ń lò, àti bóyá ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Kó tó dáhùn tán, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ omi sí Màmúdù lápá. Awwal sáré dé láti Basin, ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó dúró sí lẹ́bàá ògiri, àpò rẹ̀ mọ́ àyà. Ó rí i pé ẹ̀rù ń ba ìyá òun. Ó rò pé nítorí bàbá òun ni, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n owó ni ìdajì ẹ̀rù náà.

Níbẹ̀ ni Awwal ti jẹ́wọ́ fún un. Ó ní òun ti forúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀ nínú ètò adójútòfò ìlera láti ọjọ́ tó ti pẹ́, lẹ́yìn tí ìyá òun ti ní kí òun má fowó òun ṣòfò. Òun ò sọ nítorí òun ò fẹ́ ìjà. Bilkisu kò lágbára ìjà lọ́jọ́ náà. Ó kàn wò ó, ó ní kó lọ fi orúkọ náà hàn wọ́n kí òun rí i.

Wọ́n rí orúkọ náà. Ètò náà ló ń san èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú náà. Èyí tó kù fún ẹbí, obìnrin tó wà níbi ìsanwó ń sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó ṣe é: àyẹ̀wò báyìí wà, ohun tó máa kàn yín nìyí, ṣé kí a ṣe é? Bilkisu ń gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́. Ní gbogbo ìgbà tí Màmúdù fi dùbúlẹ̀ síbẹ̀, bí nọ́ọ̀sì bá wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ni Bilkisu kọ́kọ́ ń wò bóyá ó mú bébà owó dání. Dókítà ní wọ́n tètè gbé e wá, pé bó bá pẹ́ sí i ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. Ẹnu Màmúdù bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pe orúkọ Bilkisu tó sì já gaara, nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú oògùn, Bilkisu sì gbàgbé láti wo ọwọ́ rẹ̀.

Wọ́n dá wọn sílẹ̀. Ohun tí wọ́n san kò yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ti sọ fún wọn. Bilkisu dúró níwájú fèrèsé ìsanwó lẹ́yìn tí wọ́n ti ní ó ti parí, ó tún béèrè pé ṣé ó parí lóòótọ́. Wọ́n ní ó parí. Ó mú ọkọ rẹ̀ lọ sílé.

Kò ì parí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Bilkisu ṣàkíyèsí pé Fọláṣadé kì í yà sí ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti iléèwé dé, á kí Màmúdù, á sì ní kó na ọwọ́ kí òun wò ó. Ní báyìí, ó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé ara rẹ̀. Bilkisu rò ó síwá sẹ́yìn bóyá òun ló ṣẹ̀ ẹ́. Nígbà tí kò rí ohun tó ṣe, ó kírun alásárì tán, ó sì lọ bá a nínú ilé.

Fọláṣadé kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ yí i ká. Ìgbà tó yá ló gbé fóònù rẹ̀ fún Bilkisu. Àwọn onílé-iṣẹ́ áńbúláǹsì ti fi iye owó wọn ránṣẹ́ sí i, nítorí nọ́ńbà rẹ̀ ni wọ́n fi pè wọ́n. Owó náà ju èrè tí Bilkisu ń jẹ nínú ọ̀pọ̀ oṣù lọ. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó ìdúró wà níbẹ̀, owó gáàsì atẹ́gùn náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi ránṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ti ìkẹyìn sì le. Fọláṣadé ní òun fẹ́ yá owó níbi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tíṣà kí òun lè san án kí Àlàájà má mọ̀ rárá, nítorí òun lòun pè wọ́n.

Ohun tó ya Bilkisu lẹ́nu ni pé ẹ̀rù tó ti ń retí kò wá. Ó dà bí ẹni tó ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ olè lẹ́yìn ilé fún ìgbà pípẹ́, tí olè náà wá ti ilẹ̀kùn wọlé níkẹyìn, tí onílé sì rí i pé èèyàn bíi tòun náà ni. Ó dá fóònù náà padà.

"Ìwọ lo gbà á là," ló sọ. "Mi ò ní í jẹ́ kí o san owó oore. Gáàsì yẹn náà, wọn ò fi fún un. Mo wà níbẹ̀, ojú mi ò kúrò lára ẹ̀."

Awwal ló rántí Ẹniọlá. Òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà ni, ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n yàn láti máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn aláìsàn. Bilkisu àti Fọláṣadé lọ bá a lọ́jọ́ Ajé. Ẹniọlá fún wọn ní àga, ó sì jẹ́ kí wọ́n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó lanu. Ó wá sọ fún wọn pé ẹ̀tọ́ aláìsàn ni kí wọ́n sọ iye ìtọ́jú fún un ní kedere, pé ìjọba àpapọ̀ pàápàá ti kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn. Ó ní ètò tí Màmúdù wà nínú rẹ̀ ní owó áńbúláǹsì pàjáwìrì nínú, ọ́fíìsì ètò náà ló sì yẹ kí àwọn ọlọ́kọ̀ kọ owó wọn sí, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà aláìsàn. Ó pe àwọn ọlọ́kọ̀ lórí fóònù lójú àwọn méjèèjì. Ẹni tó gbé e ní kí ẹni tó bá ní ẹjọ́ wá rò ó lọ́dọ̀ ọ̀gá.

Ẹniọlá béèrè lọ́wọ́ Bilkisu bóyá ó fẹ́ kí òun bá a lọ. Bilkisu ní òun á fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò tijú láti sọ ọ́.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá náà, kò jìnnà sí Ìpàta. Àlàájì Àbdùlgàfárù ni wọ́n ń pè é, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. Bilkisu ti múra ìjà wá, nítorí náà ohùn jẹ́jẹ́ yẹn kọ́kọ́ dà á láàmú. Àlàájì kí wọn, ó béèrè àlàáfíà aláìsàn, ó wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó ní epo ti wọ́n. Ó ní táyà ọkọ̀ náà nìkan, kí wọ́n má wulẹ̀ béèrè. Ó ní àwọn tí òun gbé tí wọn ò san kọ́bọ̀ pọ̀, òun ò sì lè máa gbé èèyàn káàkiri ìlú láìgbowó kí òun tún rí owó-oṣù san. Kò parọ́ nínú gbogbo rẹ̀, Bilkisu sì mọ̀ pé kò parọ́, nítorí òun náà ń ra epo fún ọkọ̀ tó ń kó ọkà rẹ̀.

Ẹniọlá sọ ti ètò ìlera. Àlàájì ní òun mọ̀ ọ́n, àwọn èèyàn yẹn kì í san gbogbo ohun tí òun bá kọ, wọ́n máa ń gé e, ìdí nìyẹn tí òun fi ń kọ̀wé sí ẹbí.

Ìgbà náà ni Bilkisu wá sọ̀rọ̀.

"Àlàájì, mo ń tajà ní Ìpàta. Bí mo bá wọn ẹ̀wà fún yín lónìí tí mi ò sọ iye rẹ̀, tí ẹ gbé e lọ sílé, tí ẹ sè é, tí ẹ jẹ ẹ́, tí mo wá wá bá yín lóṣù tó ń bọ̀ pé owó báyìí ni, ẹ̀ẹ́ pè mí ní oníṣòwò? Mo bi awakọ̀ yín pé èló ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi í. Ọkọ mi ń kú lọ, mo sì ń béèrè owó, kí ẹ lè mọ bí ẹ̀rù yín ṣe tó nínú mi."

Àlàájì ránṣẹ́ pe Umar. Umar dé, ó rí Bilkisu, ó kúnlẹ̀ kí i, ó béèrè bàbá. Àlàájì bi í bóyá òótọ́ ni pé màmá yìí béèrè owó. Umar ní òótọ́ ni. Ó bi í pé gáàsì ńkọ́. Umar wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó ní: "A ò lò ó, Àlàájì. Bàbá ń mí dáadáa. Ọ́fíìsì ló máa ń kọ ọ́ mọ́ gbogbo ẹni tí a bá gbé. Àwọn ni wọ́n sì ní kí n má máa sọ iye fún ẹbí aláìsàn lẹ́nu ilẹ̀kùn, pé wọn á máa jiyàn."

Bilkisu rí i pé ojú ti Àlàájì. Kò retí rẹ̀. Ọkùnrin náà fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Ó bi Umar bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Umar ní bẹ́ẹ̀ ni. Àlàájì ní òun mọ̀ pé wọ́n ń kọ owó, òun ò mọ̀ pé wọ́n ń kọ ohun tí wọn ò ṣe. Bóyá ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ o, bóyá kò mọ̀ o, Ọlọ́run nìkan ló lè sọ.

"Ẹ gbọ́, Àlàájà," ló sọ níkẹyìn. "Gáàsì kúrò. Ìdúró kúrò. Owó ọkọ̀, a máa kọ ọ́ sí ọ́fíìsì ètò ìlera, bó ṣe yẹ ká ti ṣe é látilẹ̀. Ohun tí wọn ò bá san fún wa níbẹ̀, àwa àtàwọn ni. Mi ò ní í wá a wá sí ọ̀dọ̀ yín, n ò sì ní í wá a lọ sọ́dọ̀ tíṣà yìí. Ẹ forí jì wá."

Ẹniọlá ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i. Fọláṣadé gbà á, ó kà á, ó tún un kà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìlè dá a dúró, ẹ̀rín tí omijé wà nínú rẹ̀. Bilkisu dìde, ó dúpẹ́. Ó tún jókòó. Umar bu omi tútù wá fún un. Ó mu ún tán, ó sọ pé "Alhamdulillahi," wọ́n sì jáde síta. Oòrùn mú gidi lójú títì, àwọn lọ́rì oníṣu ń fọn fèrè, àwọn oní-márúwá ń bú ara wọn. Gbogbo rẹ̀ dùn létí rẹ̀. Ó ra ọsàn fún Fọláṣadé àti Ẹniọlá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń mu ún bí ọmọdé.

Ó gba ibẹ̀ lọ sí ilé Jummai. Ó ti ń rò ó lọ́nà bí òun á ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní í dun ẹ̀gbọ́n òun. Jummai gbọ́ ọ tán, ó sì sunkún díẹ̀, ó ní inú òun dùn, pé ẹkún náà kì í ṣe ti ìbànújẹ́ nìkan. Ó ní kí Bilkisu tún ibi tó ti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wà fún Àlàájì sọ fún òun. Bilkisu tún un sọ. Jummai ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì fọwọ́ lu itan.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí sí ilé wọn. Ní ìpàdé àwọn oníṣòwò ọkà ní Ìpàta, Bilkisu, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, dìde, ó sì rò ó fún wọn. Ó wá hàn pé kì í ṣe òun nìkan ló ń bẹ̀rù. Ọkùnrin kan ní ìyàwó òun bímọ sínú márúwá nítorí pé òun ò jẹ́ kí wọ́n pe áńbúláǹsì. Wọ́n yan èèyàn, wọ́n lọ bá Àlàájì Àbdùlgàfárù, àwọn oníṣu náà sì darapọ̀ mọ́ wọn. Àdéhùn tí wọ́n bá a ṣe kò gùn: ọkọ̀ tó bá wá gbé èèyàn ní Ìpàta, awakọ̀ á sọ iye kó tó pa ilẹ̀kùn, iye náà kò sì ní í yí padà bí wọ́n bá débẹ̀. Ẹni tó bá wà nínú ètò ìlera, kò sẹ́ni tó máa wá owó kún owó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Àlàájì gbà. Ó ní òun á rí oníbàárà sí i bí àwọn èèyàn ò bá sá fún òun mọ́, ó sì rí i bẹ́ẹ̀. Umar ló ń wa ọkọ̀ tó ń wá síbẹ̀ jù. Bó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Bilkisu, á rọra tẹ fèrè kékeré, Bilkisu á sì juwọ́ sí i. Kì í yíjú sí ibòmíràn mọ́.

Awwal ń bá àwọn tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ nínú ètò ìlera sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, ìyá rẹ̀ ló ń rán wọn sí i. Lọ́jọ́ kan ó ní òun rántí ẹnì kan tó ní kí òun má fowó ṣòfò. Bilkisu ní òun ò mọ ẹni náà.

Ní ti Màmúdù, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń lọ́ díẹ̀ bó bá rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n Jímọ́ọ̀ tó kọjá, ó lọ sí mọ́ṣáláṣí fúnra rẹ̀, Awwal kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni. Nígbà tó dé, Bilkisu gbé túwó ọkà bàbà síwájú rẹ̀. Ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó sún abọ́ náà sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ó ní ta ló gba iyọ̀ lọ́wọ́ wọn nínú ilé yìí, ṣé àìsàn tó ṣe òun ti pa ọbẹ̀ náà lára ni. Ó sọ ọ́ pẹ́, ó sọ ọ́ dáadáa, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó bọ́ nínú rẹ̀.

Dókítà ló ní kó má jẹ iyọ̀ púpọ̀. Bilkisu ìbá sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó káwọ́ lérí orúnkún, ó sì jẹ́ kó máa ráhùn lọ.